Ilẹ̀dú Tó Tàn Mí Jẹ

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ àgbẹ̀ kì í ṣi ilẹ̀ mọ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Èmi tí wọ́n bí sí abà, tí mo ti ń tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, mo ṣi ilẹ̀ mọ̀ níbí, àṣìṣe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀ọ́dúnrún igi àjàrà tán. Mi ò fi bò mọ́. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló jẹ́ kí n lè gbójú sókè sọ ọ́.

Kì í ṣe iṣẹ́ oko ni mo bá wá. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé Dallas, inú apartment kan ní Lake Highlands la kó sí. Ọkọ mi rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi náà ṣe ìdánwò, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Allen.

Oníkálukú ló ní ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ní Amẹ́ríkà. Ti ọkọ mi ni freeway tó ń gorí ara wọn. Tèmi ni ọkùnrin kan tí mo rí ní Allen nínú ooru oṣù Kẹjọ, tó ń bomi rin ilé rẹ̀. Kì í ṣe òdòdó, kì í ṣe koríko. Ó tẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìpìlẹ̀ ilé náà ká, omi sì ń sun díẹ̀díẹ̀ láti ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Mo dúró wò ó títí. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní ó ṣeé ṣe kí ilé òyìnbó náà so lọ́dún tó ń bọ̀. Ká ní mo bi ọkùnrin yẹn léèrè ohun tó fà á ni, ǹ bá má ti fojú winá ohun tí mo padà wá rí.

Ìdáwà ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé èèyàn kò sí. Lọ́jọ́ Àìkú ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà, a óò jó, a óò gbàdúrà, a óò jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí mo mọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí n gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láìjẹ́ kó ṣubú. Mo ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ mo máa ń jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́, màá kàn máa wo ọwọ́ ara mi. Ó ń dùn mí pé ó ti rọ̀.

Ìyá àgbà kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, Miss Ruth. Ọkọ rẹ̀ ni Mista Walt, ó sì ní oko àjàrà kékeré kan kọjá Little Elm, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń wá wo ìyàwó rẹ̀, á sì fi bàtà rẹ̀ ba ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbínú láti ha ẹrẹ̀ náà kúrò, mo sì rí i pé oríṣi méjì ni. Èkíní dúdú, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Èkejì pupa, ó ń já bọ́ bíi gaàrí. Mo gbójú sókè, mo bi í bóyá oko méjì ló ní. Ó ní rárá, oko kan ni, ilẹ̀ méjì ló pàdé nínú rẹ̀, ó sì bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní bàbá mi ń dáko kòkó. Miss Ruth rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọkọ òun mú mi lọ wò ó.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Oko náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan tí kò ga púpọ̀. Lókè, yanrìn pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, igi àjàrà kéékèèké tó rí gbágungbàgun ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni, ó tẹ́jú, kò sẹ́ni tó tíì gbin nǹkan kan sí i. Mo bu ún sọ́wọ́. Ó tutù, ó sanra, ó ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ oko, ẹ mọ bí ilẹ̀dú ṣe ń rí lójú wa. Nítorí ilẹ̀dú ni bàbá mi ṣe fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, tó lọ sínú igbó Oǹdó lọ dá oko kòkó. Àlejò ló jẹ́ níbẹ̀ títí dòní. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ìdílé tó ni ilẹ̀, bí wọ́n bá sì ń jíròrò lórí ilẹ̀ náà, ẹ̀yìn ni bàbá mi ń jókòó sí. Ó lè tọ́jú igi, kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Miss Ruth kú. Mista Walt ní kí n máa wá ran òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó yá ó ní kí n kúkú máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pátápátá. Ọkọ mi gbọ́, ó kọ́kọ́ jẹun tán. Ó wá ní, “Baby, wo ó, people ń wá iṣẹ́ hospital tí wọn ò rí, ìwọ fẹ́ fi sílẹ̀ lọ máa roko. Kí la máa sọ fún àwọn ará ilé?” Mo ní ká má tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Bí bàbá mi ṣe ń bá a lọ láti máa gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní hospital nìyẹn.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kò dákẹ́ ní tiwọn. Ọ̀kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé mo mọ̀ pé wáìnì ni wọ́n ń fi àjàrà yẹn ṣe. Mo ní mo mọ̀, iṣẹ́ tèmi parí lára igi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó kù kó lọ bi àwọn tó ń mu ún. Èmi tí mò ń wí yìí, wáìnì kò kan ètè mi rí.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn iṣẹ́ lọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka nígbà òtútù, bí wọ́n ṣe ń so ìtàkùn mọ́ wáyà kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun gbogbo yàtọ̀ sí kòkó. Kòkó fẹ́ òjìji, àjàrà fẹ́ oòrùn lójú. Kòkó fẹ́ òjò, bí òjò bá pọ̀ fún àjàrà, èso rẹ̀ á wú, omi lásán ni á kún inú rẹ̀. Mo kọ́ gbogbo ìyẹn, síbẹ̀ mi ò kọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Mista Walt ra ọ̀ọ́dúnrún igi tuntun, irú àjàrà pupa tí wọ́n ń gbìn ní Spain. Ó fẹ́ kó wọn lọ sórí yanrìn lókè. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tọ́ka sí ilẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, mo ní ṣé a máa wá fi irú oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ká lọ gbin igi sórí òkúta? Ó ní baba òun kì í gbin nǹkan síbẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ pé baba rẹ̀ kò mọ ilẹ̀dú. Ẹ wo ẹnu mi. Ó ní Ruth fọkàn tán mi, òun náà á fọkàn tán mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló padà dùn mí jù.

Lọ́dún àkọ́kọ́ àwọn igi náà hù bí ẹni pé wọ́n bínú. Ewé wọn fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ń ya fọ́tò, mo ń fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mi ò tilẹ̀ kọ nǹkan kan sí i.

Lọ́dún kejì, ooru mú lásìkò tí kò yẹ, igi ta ọ̀mùnú kíákíá. Ní ìparí oṣù Kẹta, òtútù padà dé fún òwúrọ̀ kan péré. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ọ̀mùnú ti dúdú, ó rọ jọwọrọ. Mo gòkè lọ wo àwọn igi àjàrà àtijọ́ tó wà lórí yanrìn. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Mista Walt wá ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Àwọn igi náà tún rúwé, mo sì gbàgbé.

Oṣù Keje ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Mo dé oko ní ọjọ́ kan, mo rí igi méjìlá tí ewé wọn ti gbẹ lórí ìtàkùn, kò tíì já bọ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti di ọgbọ̀n, wọ́n sì ń kú ní òbìrìkìtì, bí àmì omi ṣe máa ń ràn lára aṣọ. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi sí i. Ó túbọ̀ burú. Ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà mi nígbà òjò ti wá sán báyìí, ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Onímọ̀ kan tí Mista Walt pè fa igi kan tu, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn wá. Ó ti rà. Ó ní àrùn kan ló ń gbé inú amọ̀ dúdú tó ní ẹfun nísàlẹ̀, ooru ló ń jí i, kò sì sí oògùn tó lè lé e kúrò pátápátá. Kì í fẹ́ràn yanrìn. Títí di ìgbà ooru ọdún tó tẹ̀ lé e, igi mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́kù.

Èmi ni mo pa wọ́n. Mo sunkún nínú pickup Mista Walt bí ẹni tí òkú kú fún.

Ọjọ́ yẹn ni mo pe bàbá mi, tí mo sì jẹ́wọ́ ohun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé mo ti kúrò ní hospital tipẹ́, àti pé mo gbin igi sí ilẹ̀dú, wọ́n sì kú. Mo ń retí kó bínú. Ó kọ́kọ́ béèrè ta ló ni ilẹ̀ náà. Mo ní òyìnbó kan ni. Ó ní, “Ó dáa. Àwa náà, ilẹ̀ onílẹ̀ la ń ro.” Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

“Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ṣé ó máa ń sán?”

“Ó ń sán, Bàámi.”

“Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

“Á lẹ̀ mọ́ bàtà, kò ní já. Àwọn ará ibí tiẹ̀ máa ń bomi rin ìdí ilé wọn nígbà ooru, kí ilẹ̀ má bàa súnkì, kí ògiri wọn má bàa là.”

Mo gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Ilẹ̀ tó ń mi ilé, òun lo gbin igi sí?” Ó tún bi mí pé, “Ihò mélòó lo gbẹ́ kó o tó gbìn?”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Kí bàbá mi tó fi igi kòkó kan ṣoṣo sí ilẹ̀ tuntun, á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò tó jìn dé ìbàdí, á da omi sí i, á sì jókòó tì í. Bí omi bá dúró títí oòrùn fi kúrò lójú ọ̀run, á kó ẹrù rẹ̀, á lọ síwájú. Bí omi bá fà, á bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ahọ́n kàn án. Ní kékeré, èmi ni mò ń gbé omi yẹn. Mo rí i ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Mo ní, “Mi ò gbẹ́ kankan.”

“Ojú ilẹ̀ lo rí,” ni bàbá mi wí. “O ò rí inú rẹ̀. Lọ sọ fún bàbá tó ni ilẹ̀. Má purọ́ fún un.”

Mo lọ sọ fún Mista Walt láìfi epo bọ iyọ̀ níbẹ̀. Mo ní ìgbéraga mi ló fà á, mo ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó yọ fìlà, ó nu iwájú orí. Ó ní ilé ti ń sún mọ́ oko òun lọ́tùn-ún lósì, ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà ti wá bá òun lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ti ń darúgbó. Òun á gbìn lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí yanrìn, èmi ni màá sì yan ojú ibẹ̀. Àjàrà ń so lọ́dún kẹta. Bí èso àkọ́so yẹn bá dára débi tí ẹni tó ń ṣe wáìnì máa rà á, a óò máa bá a lọ. Bí kò bá dára, òun á ta ilẹ̀, kí èmi náà padà sí Allen.

Ihò mẹ́tàdínlógún ni mo gbẹ́ sórí òkè yẹn. Mista Walt ń gbé omi, mò ń dà á, a jọ ń jókòó tì í lórí ìdérí garawa. Níbi tí omi bá ti fà kíákíá jù, mo fi í sílẹ̀. Níbi tó bá dúró, mo fi í sílẹ̀. Mo yan apá kan tí yanrìn rẹ̀ jìn tó ìbàdí, tí amọ̀ pupa díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó lè tọ́jú omi fún gbòǹgbò. Mo fi ahọ́n kàn án. Mista Walt náà fi ahọ́n kàn án, ó tu ú dànù, ó ní kò yé òun, ṣùgbọ́n òun gbà.

Ọdún mẹ́ta yẹn ni mo wá mọ ohun tí àjàrà jẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé àwọn igi tuntun tí a gbìn síbẹ̀ ń ṣàìsàn. Ewé wọn kéré, wọn kò ga. Ọwọ́ mi ń yún mi láti bomi sí i, láti fún un ní ajílẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà, pé igi tí ebi ń pa, kí o bọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ mi sápò. Igi tó jẹun yó ń sọ ara rẹ̀ di ewé. Èyí tí omi kò tó ń ta gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀ lọ wá a, ìwọ̀nba ohun tó bá sì rí, inú èso ló ń kó o sí. Oòrùn ibí le, atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ, nítorí náà èso á kéré, èèpo rẹ̀ á nípọn, á sì dùn. Àmọ́ ooru kì í jẹ́ kó ní sùúrù. Bí a bá fi í sílẹ̀ lórí igi kọjá àkókò, kíkan díẹ̀ tó yẹ kó wà lára adùn rẹ̀ á lọ, á kàn máa dùn gọ̀ọ̀gọ̀ bí omi ṣúgà.

Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń so ìtàkùn mọ́ wáyà. Ní ìlú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n kó tó gbin igi, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, torí ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́. Mo ti lo ọdún púpọ̀ ní Dallas bí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọmọ mi obìnrin tí a bí síbí bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Mommy, when you say home, which one?” Mo ní kó lọ parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Inú mi kò dùn sí ara mi.

Yìnyín bọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún kẹta, ó tóbi bí èso àgbálùmọ̀, ó gba apá ọ̀tún òkè lọ, ó fi tiwa sílẹ̀. Òtútù ìparí oṣù Kẹta ti dé ṣáájú ìyẹn, ó ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ sísàlẹ̀. Oṣù Keje dé. Ní gbogbo òwúrọ̀ mò ń rìn láàárín ìlà, mò ń wá ewé tó gbẹ. Mi ò rí ọ̀kan. Mo ń pe bàbá mi lójoojúmọ́, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí, pé, “Wọ́n ṣì dúró?” Màá ní wọ́n dúró, á ní ó dáa, á sì pa fóònù.

Ní oṣù Kẹjọ, obìnrin tó ń ṣe wáìnì dé ní àárọ̀ kí oòrùn tó le. Ó já èso lọ́tùn-ún, ó já lósì, ó fi eyín fọ́ kóró rẹ̀, ó tu èèpo sọ́wọ́, ó wò ó. Ó fún omi èso kan sára awò kékeré kan tó ń fi bí adùn ṣe pọ̀ tó hàn. Ó rin ìlà náà dópin, ó padà. Mò ń tẹ̀lé e. Ó bi mí kí ló dé tí èso náà fi kéré báyìí. Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò fún un ní omi púpọ̀, oòrùn sì le, ohun tó ní ló kó jọ síbì kan. Mo ní èmi ni mo yàn án síbẹ̀.

Ó ní irú rẹ̀ lòun ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun á kó gbogbo rẹ̀, bó bá sì ṣeé ṣe, ti ọdún tó ń bọ̀ náà.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Yorùbá, sókè. Mista Walt yọ fìlà. Nígbà tí mo dìde, mo pe bàbá mi, mo sọ fún un. Ó wá pe ẹnì kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún onítọ̀hún pé ọmọ òun tó ń dáko ní Dallas ló wà lórí fóònù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin tó ń kọ́lé tà dé. Kò mọ̀ pé a ti rí ẹni tó máa ra èso náà, pé a sì ti ń já a. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ tó ń dán, ó bọ Mista Walt lọ́wọ́, ó mi orí sí mi bí èèyàn ṣe ń mi orí sí òṣìṣẹ́. Ó ní ìgbà kẹta rè é, òun fẹ́ gbọ́ èsì tó dájú. Mista Walt wo òkè yẹn, ó sì wò mí.

“Ẹ bi í,” ló wí. “Òun ló mọ ohun tí ilẹ̀ yìí wúlò fún.”

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. Omi àjàrà ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo wò ó lójú.

Mo ní, “A ò tà á.”